Orúkọ Mobáyọ̀ Lórí Ìwé Ẹ̀hónú

Ọdún márùn-ún rèé tí o lọ, Mobáyọ̀. Ọdún márùn-ún gbáko láti ọjọ́ Sátidé tí yìnyín bo gbogbo Maryland mọ́lẹ̀, tí o mú ṣọ́bìrì jáde láti la ọ̀nà fún mọ́tò rẹ, tí o la ti Mísíìsì Wọ́kà aládùúgbò rẹ mọ́ ọn, tí o wá jókòó sórí àtẹ̀gùn pé kí o sinmi díẹ̀. O kò dìde mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì ni ọ́.

Èmi Adébùnmí, ẹ̀gbọ́n rẹ, ni mò ń kọ èyí lórúkọ gbogbo ilé, nítorí náà má retí ọ̀rọ̀ dídùn nìkan. Èmi tí mo pọ̀n ọ́, tí o tọ̀ sí lẹ́yìn láìmọye ìgbà, n kò ní torí pé o ti lọ kí n wá máa bẹ̀rù rẹ.

Ọdún márùn-ún, ìwé ìrántí kan ṣoṣo. Má bínú sí wa. A kò gbàgbé rẹ. Yétúndé ìyàwó rẹ ni kò gbà. Nígbà tí o pé ọdún kan, mo ti kọ ọ̀rọ̀ náà tán, mo ti mú àwòrán rẹ tí o wọ agbádá búlúù, mo fẹ́ gbé e fún ìwé ìròyìn ìjọ wa. Yétúndé ka ìlà àkọ́kọ́, ó kan "olóògbé", ó sì da ojú ìwé náà dé sórí tábìlì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ báyẹn." Ó wá lọ ń fọ abọ́. Abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀ ni.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé orí rẹ̀ dàrú. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń po oògùn fún àwọn aláìsàn, kò ṣi ọ̀kankan pò rí. Ó mọ ibi tí a sin ọ́ sí, òun fúnra rẹ̀ ló gbin òdòdó síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bàtà rẹ kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Tí a bá pe ilé yín tí kò sẹ́ni tó gbé e, ohùn rẹ ló ń jáde nínú ẹ̀rọ tó ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀, pé a ti dé ilé Fọláhàn, pé ẹ kò sí nílé, pé ẹ máa pe ẹni náà padà. Mobáyọ̀, jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo mọ̀ dájú pé Yétúndé wà níbi iṣẹ́, tí mo pe nọ́ńbà yẹn kí n lè gbọ́ ọ, tí mo tún gbé tẹlifóònù kalẹ̀.

O rántí Ilé Bíríkì tó wà lẹ́yìn ilé rẹ, ní ìkọjá pápá. Ilé àwọn olówó àtijọ́ tí ìjọba fi pátákó sára rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó o. Àwọn tó kù ládùúgbò ń wo fèrèsé rẹ̀ àti òpó rẹ̀ funfun. Ìwọ, ilẹ̀ lò ń wò, ìwọ awọnlẹ̀. Lọ́dún 1991 lo rí òkúta pẹlẹbẹ méje nínú koríko, létí ọgbà rẹ gan-an, tí wọ́n tò sí ìlà kan, tí kò sí orúkọ kankan lára wọn. Mísíìsì Wọ́kà, ìyá aláwọ̀ dúdú ọmọ ilẹ̀ yìí tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, sọ fún ọ pé ìyá ìyá òun máa ń sọ ọ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ń sin àwọn ẹrú inú ilé yẹn sí, àti pé ẹbí òun wà nínú wọn.

Odindi oṣù méjì lo fi ń wọn ibẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, tí Rìnsọ́lá ọmọ rẹ ń di etí okùn ìwọnlẹ̀ mú, tó ń ráhùn pé òtútù ń mú òun. Mo fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà. Mo ní wọ́n ń sanwó fún ọ ní Landover láti wọn ilẹ̀ láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, o tún wá ń wọn tọ̀fẹ́ ní Sátidé. O ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn tó sùn síbí kò ní ẹni tó máa wọn tiwọn." O ya ìwé sọ́fè ilẹ̀ náà bó ṣe yẹ, òkúta méjèèje lórí rẹ̀, o kọ ọjọ́, o fọwọ́ sí i, o lu òǹtẹ̀ iṣẹ́ rẹ mọ́ ọn. O ní wàá gbé e lọ fún ìjọba tí àyè bá yọ. Àyè kò yọ. Ó wọ inú dúrọ́ọ̀ lọ.

Ìgbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún 1995 ni ìròyìn dé pé ilé iṣẹ́ kan ti ra pápá yẹn. Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé alájà mẹ́fà síbẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ibùsùn irinwó, láàárín Ilé Bíríkì àti ọgbà rẹ. Gbogbo òpópónà gbaná jẹ. Wọ́n fi pátákó síwájú ilé wọn, wọ́n ń ṣèpàdé ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀, Mísíìsì Wọ́kà sì ni alága wọn.

N kò ní parọ́ fún ọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́, mo ní ṣé akẹ́kọ̀ọ́ wá di ejò ni? Ìwọ gan-an, nígbà tí o dé College Park lọ́dún 1977, ẹ̀yin márùn-ún lẹ há mọ́ yàrá kan, pẹ̀lú ìkòkò ìrẹsì kan, nílé ìyá àgbà tó ní ẹ kò gbọdọ̀ se ohunkóhun tó ń ta sánsán. Ibo ni ọmọ ọlọ́mọ fẹ́ sùn sí? Mo bá Yétúndé lọ sí ìpàdé kan, inú mi kò sì dùn sí gbogbo ohun tí mo gbọ́ níbẹ̀. Ọkùnrin kan dìde, ó ní ariwo á pọ̀, ìgò bíà á kún ojú ọ̀nà, onírúurú èèyàn láti ibi gbogbo á máa wọ́ wá. Nígbà tó dé "láti ibi gbogbo," ìyàwó rẹ ló ń wò. Yétúndé náà ń wò ó. Kò mójú kúrò títí ọkùnrin náà fi jókòó.

Nínú mọ́tò, mo bi í pé kí ló ń wá láàárín irú àwọn wọ̀nyí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi ò bá student kankan jà o. Ibi tí wọ́n fẹ́ fi ṣe parking lot yẹn, orí òkúta méje Bàbá Rìnsọ́lá ni."

Ìgbà náà ló yé mi. Ohun tí o bẹ̀rẹ̀ tí o kò parí nìyẹn, òun ló sì kù tó lè bá ọ ṣe. Tí wọ́n bá da ọ̀dà lé òkúta yẹn lórí, lójú tirẹ̀, ìwọ ni wọ́n tún sin lẹ́ẹ̀kejì.

Báyìí ni ọkọ àti ìyàwó kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé òpópónà yín ṣe ń gbé ìwé ẹ̀hónú kiri ojúlé. Wọn kò mọ̀ ọ́ rí. Wọ́n kan ilẹ̀kùn, wọ́n bèèrè onílé, wọ́n sì na bírò sí Yétúndé. Ó gbà á. Ó kọ Mobáyọ̀ Fọláhàn. Ó fọwọ́ sí i.

Má dá a lẹ́jọ́. Nílé wa ní Ọ̀yọ́, tí àlejò bá dúró lójúde tó ní ilé ta nìyí, ìyàwó tó bá jáde sí i kì í dá orúkọ ara rẹ̀. Orúkọ baálé ló ń dá. Bẹ́ẹ̀ ni Yétúndé ti ń ṣe láti ọjọ́ tí o ti mú un wọlé. Ìwé iná, ìwé omi, ìwé iléèwé àwọn ọmọ, òun ló ń kọ ọ́ ní orúkọ rẹ, ìwọ á fọwọ́ sí i tí o bá ti ibi iṣẹ́ dé. Lẹ́yìn tí o lọ, òun náà ló ń fi ọwọ́ rẹ sí i, pẹ̀lú M rẹ gàgàrà tó máa ń fẹ́ ya ìwé. Kò sẹ́ni tó bi í rí. Mísíìsì Wọ́kà tó mọ̀ pé o ti kú, orúkọ igba ó lé méjìlá ló kó sínú àpò ìwé, kò kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lọ́yà àwọn tó fẹ́ kọ́lé, òun kà wọ́n.

Oṣù kẹrin ọdún 1996, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ni wọ́n pe ìjókòó láti gbọ́ ẹjọ́ ilé náà ní Upper Marlboro, níbi tí ìjọba ìbílẹ̀ wa wà. Mo gbàyè níbi iṣẹ́, mo jókòó ti ìyàwó rẹ. Lọ́yà náà dìde, aṣọ rẹ̀ mọ́, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní kí obìnrin tó ń gbọ́ ẹjọ́ ṣí ojú ìwé kẹrin. Ó ní Ọ̀gbẹ́ni Mobáyọ̀ Fọláhàn fọwọ́ sí ìwé yìí ní oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá. Ó ní ìwé ẹ̀rí ikú Ọ̀gbẹ́ni Mobáyọ̀ Fọláhàn rèé, oṣù kẹta ọdún 1993.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mobáyọ̀, wọ́n fi orúkọ rẹ rẹ́rìn-ín ní gbọ̀ngán yẹn. Lọ́yà náà ní tí òkú bá wà nínú àwọn tó ń ṣẹ̀hónú, ta ló mọ iye òkú mìíràn tó wà níbẹ̀, kí wọ́n da gbogbo ìwé náà nù. Mísíìsì Wọ́kà fi ọwọ́ bo ẹnu. Àwọn aládùúgbò ń wo ara wọn, ẹni tí wọ́n fẹ́ dá lẹ́bi ni wọ́n ń wá.

Yétúndé dìde. Mo di etí kóòtù rẹ̀ mú, kò mọ̀ pé mo dì í mú. Ó ní, "Èmi ni mo fọwọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó sọ pé kí n ṣe é. Ọkọ mi ti kú." Ó tún un sọ, bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ fúnra rẹ̀, "Ọkọ mi ti kú."

Ọdún mẹ́ta ló ti ń sá fún gbólóhùn yẹn. Kò sọ ọ́ níwájú àlùfáà, kò sọ ọ́ fún èmi, kò sọ ọ́ fún àwọn ọmọ rẹ. Iwájú lọ́yà àti àjèjì ló ti sọ ọ́, lédè gẹ̀ẹ́sì. Èmi ni mo bú sẹ́kún, òun kò sunkún.

Obìnrin tó ń gbọ́ ẹjọ́ bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó bi í pé kí ló dé tó ṣe bẹ́ẹ̀. Yétúndé ní, "Ilé rẹ̀ ni, mà. Níbi tí mo ti wá, orúkọ rẹ̀ la fi ń dáhùn fún ilé náà." Obìnrin náà kò bú u. Ó ní òun kò ní da ìwé náà nù, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn gbọ́dọ̀ kúrò, kí ẹni tó kọ ọ́ wá fa ìlà sí i lójú gbogbo wa. Àkókò láti fi orúkọ kún un ti kọjá, nítorí náà kò lè fi tirẹ̀ rọ́pò.

Láti ibi tí a jókòó sí dé ọ̀dọ̀ tábìlì yẹn kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Mo wò ó bó ṣe ń rìn ín. Wọ́n fún un ní bírò. Ó fi ìka tọ́ orúkọ rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì fa ìlà sí i. Ìlà kan péré, tó tọ́. Ohun tó ń bẹ̀ mí láti ọdún 1994 pé kí n má fi bírò ṣe, òun náà ló fi bírò ṣe.

Mo rò pé á padà wá jókòó. Kò padà. Ó ní òun náà forúkọ sílẹ̀ láti sọ̀rọ̀, pé ìṣẹ́jú mẹ́ta òun ṣì wà níbẹ̀. Ó ṣí báàgì, ó fa ìwé sọ́fè rẹ yọ, ó sì tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Lọ́yà fò dìde, ó ní ta ló mọ̀ bóyá òun náà ló tún fọwọ́ sí èyí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ṣùgbọ́n a kò lè bá a jà, àwa la fi ọ̀pá lé e lọ́wọ́. Obìnrin náà gbé e súnmọ́ ojú. Ó wo ọjọ́ tó wà níbẹ̀, ó fi ìka tọ́ òǹtẹ̀ ìjọba tó wọ inú ìwé náà, ó bi akọ̀wé léèrè nípa nọ́ńbà rẹ̀. Ó wá ní ọkùnrin yìí wà láàyè lọ́dún 1991, awọnlẹ̀ tí ìjọba mọ̀ ni, òun gba ìwé rẹ̀ wọlé.

O wà láàyè lọ́dún 1991. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Upper Marlboro, Mobáyọ̀.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Jẹ́ kí n sọ ibi tó já sí fún ọ láìfi iyọ̀ sí i. A kò borí. Wọ́n gbà fún wọn láti kọ́ ilé náà. Wọ́n sọ alájà mẹ́fà di mẹ́rin, wọ́n sì ní wọn kò gbọdọ̀ súnmọ́ òkúta méje yẹn ní ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà, kí wọ́n fi irin yí i ká. Èyí tí a rí gbà nìyẹn. Pápá lọ. Igi ńlá mẹ́rin tí o máa ń gbé àga sí abẹ́ wọn lọ pẹ̀lú. Ọjọ́ tí wọ́n gé wọn, èmi àti Yétúndé jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé títí ẹ̀rọ fi dákẹ́. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ tó máa ń wọ ilé ìdáná yín kò wọ ibẹ̀ mọ́. Aago mẹ́rin báyìí, ó ti ń tan iná kó tó lè bẹ iṣu.

Ọjọ́ tí wọ́n fi irin yí òkúta náà ká, Mísíìsì Wọ́kà wá, ó di Yétúndé lọ́wọ́ mú. Ó ní ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí òun máa rí i kí ìjọba kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn èèyàn òun wà níbẹ̀. Ó ní kó bá òun kí ọ. Yétúndé wá wò mí, ìyẹn ni mo ṣe ń kí ọ.

Nígbà tí a ti Upper Marlboro dé lọ́jọ́ yẹn, ìyàwó rẹ kò tilẹ̀ bọ́ kóòtù. Ó lọ sídìí tẹlifóònù, ó yọ kásẹ́ẹ̀tì ohùn rẹ, ó fi aṣọ wé e, ó sì gbé e sínú dúrọ́ọ̀, síbi tí ìwé sọ́fè wà tẹ́lẹ̀. Tóbilọ́ba, àbúrò Rìnsọ́lá, ló gba ohùn tuntun sí i. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni báyìí, ohùn rẹ̀ kò tíì wúwo, ṣùgbọ́n bó ṣe máa ń mí kó tó sọ̀rọ̀, ìwọ ni. Èmi tí mo máa ń pè láti gbọ́ ọ, n kò lè ráhùn. Ohùn rẹ ni mo pàdánù lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ n kò sọ fún wọn.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà. Àwa nílé tèmi ti kó kúrò ní Landover, Lake Arbor la wà báyìí, mo sì ní yàrá méjì tí mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi wọ́n ṣe. Dẹ́ẹ̀kì, pèpéle onípákó ẹ̀yìnkùlé, tí o fi sílẹ̀ láìkan ìṣó tán, Yétúndé ti jẹ́ kí wọ́n parí ẹ̀. Ilé ti wà lórúkọ tirẹ̀. Bàtà rẹ kò sí lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Tóbilọ́ba ló kó o sí yàrá rẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ òun máa tó o láìpẹ́.

Rìnsọ́lá wọ yunifásítì ní oṣù kẹsàn-án tó kọjá. O mọ ibi tí wọ́n ti fún un ní yàrá? Inú ilé alájà mẹ́rin yẹn ni. Ìyá rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo bá a wí títí ó fi rọ̀. Ní ìkẹyìn, òun fúnra rẹ̀ ló gbé bẹ́ẹ̀dì ọmọ náà gòkè. Rìnsọ́lá fà á lọ sójú fèrèsé, ó ní, "Mummy, ẹ wò ó." Láti òkè yẹn, wọ́n rí òkúta méjèèje bí o ṣe yà wọ́n gẹ́lẹ́, wọ́n rí ọgbà, wọ́n rí dẹ́ẹ̀kì, wọ́n rí àtẹ̀gùn ilé tiwọn. Rìnsọ́lá ní òun rántí bí okùn ìwọnlẹ̀ ṣe tutù tó lọ́wọ́ òun. Láràárọ̀ báyìí, tí Yétúndé bá fẹ́ lọ síbi iṣẹ́, ó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sẹ́yìnkùlé, ó á gbójú sókè, ó á na ọwọ́ sí fèrèsé ọmọ rẹ. Nígbà mìíràn ọmọ náà á ti jí. Nígbà mìíràn kò tíì jí.

Ní oṣù kìíní ọdún yìí ni Yétúndé pè mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lè kọ ọ́ báyìí." N kò bi í pé kí ni. Mo gbé ìwé mi, mo wá sílé rẹ, mo kà á fún un lórí tábìlì yẹn kan náà. Nígbà tí mo dé "olóògbé," ó di ojú. Kò da ìwé dé. Ó ní kí n máa kà á lọ.

A ṣì ń wá ọ, Mobáyọ̀. Èmi ń wá ọ. Ìyàwó rẹ ń wá ọ, àwọn ọmọ rẹ ń wá ọ, a fẹ́ràn rẹ, ọdún márùn-ún kò bù ú kù.

Mo fẹ́ kọ "lórúkọ ẹbí" sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí a ti ń ṣe, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ gba bírò lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó fa ìlà gàgàrà kan, ó sì dúró. Mo mọ lẹ́tà tí ìlà yẹn fẹ́ dà. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ṣí ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì kọ tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa tẹ ìwé yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ má pa ìlà náà rẹ́.

| Yétúndé, opó Mobáyọ̀